Ilé kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó tí kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AyálégbéCampos
Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Agége la ti kó wá sí àdúgbò Campos, nítorí iṣẹ́ ọkọ mi tó wà ní Marina. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà á mọ̀ pé téèyàn bá ju òkúta níbẹ̀, ara ṣọ́ọ̀ṣì ló máa bà. Agogo ìjọ Àgùdà láàárọ̀, ti Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi, ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ ló ti mọ́ mi lára. Kódà bí n kò bá gbọ́ agogo aago mẹ́fà, n kì í dìde.

Wàhálà mi kì í ṣe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé kan ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan (n kò ní dárúkọ ìjọ náà, wọn ò ṣẹ̀ mí), wọ́n ní àlùfáà ìjọ ló ń gbé ibẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí kò ti séèyàn níbẹ̀ mọ́. Wíńdò yàrá wa dojú kọ ọ́, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara mi á máa sọ fún mi pé ẹnìkan ń wò mí láti òkè ọ̀hún. Lóru, nǹkan kan á lù gbà, á dákẹ́, á tún lù. Nígbà mìíràn ó dà bí ẹni ń rìn lórí pákó. Òórùn kan tún wà tí n kò mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ mi obìnrin kò fẹ́ ṣeré ní kọ́rídọ̀ tó wà lápá ibẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi, orí ń fọ́ mi tí mo bá jí, ó sì ṣẹlẹ̀ rí pé mo lajú lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò lè gbé ọwọ́, n kò lè gbé ẹsẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá onílé wa, tí mo bá bi wọ́n léèrè ilé yẹn, wọ́n á ní "ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni," wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ti jẹun. Owó ilé tí a san kò tíì tán, nítorí náà ẹ má kàn ní kí n kó lọ. Kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni?

Jẹ́jẹ́Agége
Ẹ padà s'Ágége jàre. Òkú kankan ò ráyè dúró níbí, ariwo pọ̀ jù fún un.

Aládùúrà_Sùúrùlérè
Arábìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àdúgbò tí ẹ wà yẹn kì í ṣe àdúgbò lásán. Campos níbẹ̀ ni Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti lọ wo ìwọ́de Corpus Christi àwọn ìjọ Àgùdà ní June 1925, tó fi rí ìran, tí ẹ̀mí sì gbé e lọ fún ọjọ́ púpọ̀, títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé wá gbàdúrà fún un. Ibẹ̀ ni Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tí ojú kò rí l'Érékùṣù, èmi ò ní bá a jiyàn, màá kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ ka Sáàmù 91 lálẹ́, ẹ tan àbẹ́là, ẹ wọ́n omi àdúrà sójú wíńdò yẹn. Kí ọmọ náà sì mọ Sáàmù 121 sórí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

ỌmọPópóÀgùdà
Ọmọ mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òkú kúrò nílẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn yín tí ẹ ò fẹ́ kọ.

Tó bá jẹ́ òkú ni kì í jẹ́ káàyàn sùn, gbogbo Erékùṣù ni kò bá má sùn. Ibi ìsìnkú Àjẹ́lẹ̀ kò jìnnà sí yín nígbà tó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn èèyàn ńlá ńlá Èkó sí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní 31 December 1891, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ní àwọn ọdún 1970, lásìkò ìjọba Mobọ́lájí Johnson, wọ́n wó ibẹ̀. Wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Kàtídírà Marina, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ló ní ẹni tó wá kó o. Àwọn èèyàn wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án, wọ́n sì ń tòògbé sórí tábìlì.

Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ńkọ́? Amọ̀ àti koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Àwọn tí kò fẹ́ ìjọba òyìnbó ń ju iná sí i, títí òyìnbó fi kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní 1885. Wọ́n so èèyàn kọ́ níbẹ̀. Freedom Park nìyẹn lónìí, láti 2010, ibẹ̀ la ti ń lọ jẹ ẹja yíyan, tá a ń gbọ́ orin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀! Ilé àlùfáà ló wá ń lé yín kiri?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí nìyí: ilé kì í ṣófo lásán l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ilé lórí abẹ́ àtẹ̀gùn. Bóyá owó àtúnṣe ni ìjọ kò ní. Bóyá ẹjọ́ wà nílẹ̀. Bóyá àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó fún ìjọ nílẹ̀ ti ń bèèrè rẹ̀ padà. Ìyá onílé yín mọ̀. Wọn ò fẹ́ sọ ni, torí ẹni tó bá la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níhìn-ín, kóòtù ni wọ́n á ti pè é wá jẹ́rìí. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rajà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó béèrè.

Nọ́ọ̀sìYàbá
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti òkú, ẹ jẹ́ kí n bèèrè ti alààyè. Àǹtí, orí tó ń fọ́ yín láàárọ̀ yẹn ló já mi láyà ju ẹni tó ń wò yín lọ. Ṣé jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ̀nà tóóró yẹn? Ta ló ń tàn án, títí di aago mélòó? Ṣé orí ń fọ́ ọmọ náà? Tí ẹ bá kúrò nílé, ṣé ó máa ń fi yín sílẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn níbí.

AyálégbéCampos
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹja yìnyín nísàlẹ̀ ló ni ín, ara ògiri ilé àtijọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e tì, wọ́n ń tàn án wọ òru nítorí firísà. Ọmọ náà sọ pé orí ń fọ́ òun, mo ṣe bí ilé ìwé ni kò fẹ́ lọ. Tí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, ara mi á yá.

Nọ́ọ̀sìYàbá
Ẹ ti wíńdò tó dojú kọ ọ̀nà yẹn pa, ẹ ṣí ti apá kejì sílẹ̀. Alẹ́ òní ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọ̀la.

Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Èéfín tí imú ń gbọ́ yẹn kọ́ ló ń pa èèyàn, èyí tí imú ò gbọ́ ni. Ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbé ni, àyà á máa já, ọpọlọ á dàrú débi pé èèyàn lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó tètè ń mú ọmọdé àti aboyún. Ní 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, kọ ìròyìn nípa ìdílé kan tó kó wọ ilé àtijọ́ ńlá kan. Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru, wọ́n ń rí obìnrin aláṣọ dúdú, ara àwọn ọmọ kò le, àwọn òdòdó inú ilé ń kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé wò, ààrò tó ń mú ilé gbóná ló ti bàjẹ́ tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá. Wọ́n tún ààrò ṣe, ìró ẹsẹ̀ sì dáwọ́ dúró.

Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí wíńdò tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọjú sílé. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá ka mítà mẹ́fà l'Érékùṣù, pálọ̀ ẹlòmíràn lẹ ti wà. Kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ ló dáa jù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti pọ̀ nínú yàrá. Ẹ wá a rà, ẹ gbé e síbi tí ẹ ń sùn. Tí ẹnikẹ́ni bá dákú, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò já geere, ẹ gbé e síta, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì ṣòfò àkókò, kì í ṣe ohun tó jẹ ló ń ṣe é.

Ti ojú tó là tí ara ò gbéra: ogun òru ni àwọn ìyá wa ń pè é. Ọpọlọ ti jí, ara ṣì ń sùn, àlá tí kò tíì parí á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò sùn tó, àti ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Tó bá ń wá léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Àdúrà tí Aládùúrà sọ, ẹ gbà á, ọkàn tó balẹ̀ ló ń sùn. Àbẹ́là ni kí ẹ má tàn kí ẹ wá sùn lọ.

Jẹ́jẹ́Agége
Mo ń ṣeré lókè yẹn o. Mo ti dìde lọ wo ibi tí tiwa wà. Abẹ́ wíńdò ìyá mi ni. A ti gbé e.

Bíríkìlà_Àgbà
Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe, mo ti fọwọ́ kan ilé Àgùdà tó pọ̀, àwọn tí àwọn tó ti Brazil padà wálé kọ́, l'Érékùṣù àti ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé yẹn ń ṣe lóru fún yín.

Ògiri amọ̀ tó nípọn ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, láìmù tí wọ́n sun láti ara ìkarahun ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Pákó ni ilẹ̀ òkè, páànù ni òrùlé. Oòrùn á gbá páànù lọ́sàn-án, á fẹ̀ sí i. Tí ilẹ̀ bá tutù lóru, á sún kì, á máa dún tọ́, tọ́, tọ́. Pákó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í dún lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan á dún, èyí tó tẹ̀ lé e á dún, ẹni tó wà ní yàrá kejì á ní ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́nu wíńdò. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń le jù, torí igi ti gbẹ. Èyí tó ń lù gbà yẹn, fèrèsé onígi ni, ìdè rẹ̀ ló já. Lọ́sàn-án, ojú òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ l'Ékòó. Lóru ó lè yí padà, kó máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú òkun. Fèrèsé tó bá kọjú sí apá kan lè dákẹ́ látàárọ̀ kó sì wá máa pariwo nígbà tí gbogbo ayé bá sùn.

Òórùn yẹn, ìgbẹ́ àdán ni. Màá fi owó ta á. Tí ẹ bá tún rí nǹkan funfun tó fò jáde, tó han bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, òwìwí nìyẹn, èyí tí ojú rẹ̀ funfun. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ń sọ nípa ẹyẹ yẹn. Eku ló ń jẹ. Ẹni tó bá lé e lọ, kó tètè ra ológbò.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó já yín láyà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó fara ti ògiri amọ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n lóròòru! Ẹ wo ògiri yẹn lọ́sàn-án. Tó bá sán wẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Èyí tí ìka wọ̀, tó dá gẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ìpìlẹ̀ ló ń rì. L'Érékùṣù tí omi kò jìnnà sí abẹ́ ilẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Tí ògiri bá yọ ikùn síta, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ gbà á. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí sísán náà parí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ ya fọ́tò. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn òjò ńlá. Tó bá ti kọjá ìlà yẹn, ẹ pariwo.

Ẹ wò ó bóyá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀, wọ́n rò pé àwọn ń tún ilé ṣe. Sìmẹ́ǹtì á há omi mọ́ inú amọ̀, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ ẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, òde á ṣì máa dán. Tí igi ọdán bá hù lára ògiri, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tu. Nígbà mìíràn gbòǹgbò yẹn ló kù tó di ògiri mú.

Ilé kan wó ní Ìta Fájì ní 13 March 2019. Ilé ìwé wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Ogún èèyàn ló kú. Kò sí iwin kankan níbẹ̀.

Onímáìkì_Mushin
Bíríkìlà ti sọ tán, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan: ìró tí etí kì í gbọ́. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni mo ń bójú tó ní ìjọ wa. Ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni etí wa ń gbọ́. Tó bá ti relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyà àti egungun ló kù tó ń mọ̀ ọ́n. Ní Ìlú Ọba lókè òkun, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Vic Tandy, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan tí àwọn èèyàn ní iwin wà. Òun náà rí nǹkan eérú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òtútù mú un, irun ara rẹ̀ dìde. Fáànù kan ló wá rí pé ó ń mú ìró ìgbà 19 wá nínú yàrá náà. Wọ́n pa fáànù, ara tu gbogbo wọn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1998. Gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gbà fún un o, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńlá ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò jìnnà sí 20 tí mo sọ yẹn. Ẹ fi ìyẹn sí ọ̀nà tóóró láàárín ògiri méjì, kí ẹ wá sùn sí òkè rẹ̀. Ara mi ò ní balẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ kọ́ ilé náà lánàá.

Akọrin_Fájì
Òtítọ́ lọ̀rọ̀ Onímáìkì. Ẹ jókòó sí Kàtídírà Marina nígbà tí wọ́n bá tẹ fèrè tó tóbi jù lára ògán, dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú àyà kí etí tó mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ kí omi bọ́ lójú èèyàn nínú ìsìn lè máa lé e nílé lóru.

Bí ẹ ṣe máa bá ìjọ sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má lọ bá àlùfáà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ayé ló ń fà wọ́n láṣọ lásìkò yẹn. Ẹ lọ bá wọ́dìn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn gbà á. Ẹ má kọ "iwin" síbẹ̀ o! Tí wọ́n bá ka iwin, wọ́n á ní kí ẹ wá fún ìṣọ́ òru. Ẹ kọ "ògiri tó sán," ẹ kọ "ó lè wó lu ọmọ," ẹ fi fọ́tò sí i. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn máa ń yára.

Alhaji_ÌsàlẹṢọ́ọ̀ṣì
Mùsùlùmí ni mí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé bàbá mi wà, a ò bá wọn jà rí. Àwọn ìmọ̀ràn yìí dáa, ṣùgbọ́n ẹ ń fi àkókò ṣòfò. LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ni kí ẹ pè. Iṣẹ́ wọn ni láti wá wo ilé tó fẹ́ wó. Ẹ sì má wọ ilé òfìfo yẹn fúnra yín láé, ẹ má rán ọkọ yín pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé inú ilé tí kò lólúwa l'Érékùṣù, kì í ṣe òkú. Àwọn tó ń mu igbó ni, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ wọn.

ỌmọPópóÀgùdà
Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Tí ìjọba bá ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé, katakátá ló kù. Ẹ rántí Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu, ilé Fernandez, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Láti 1956 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ jí lọ rí i pé òkìtì ló kù. Lọ́dọ̀ mi, ilé tó ń dún lóru sàn ju ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n á fi páànù yí ká.

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹ̀gbọ́n, ilé tí wọ́n ń tọ́jú kì í wó. Ilé Jaekel ní ọgbà Reluwé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ó dúró digbí títí dòní nítorí pé àwọn Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún un ṣe. Bí wọ́n bá fi igi ti ògiri yẹn ní kíá, tí wọ́n fi láìmù àti amọ̀ tún un rẹ́, tí wọ́n pààrọ̀ páànù, á lo ọdún tó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ báyìí, n kò lè torí ẹwà sọ pé kí wọ́n má pe LASBCA. Kí wọ́n fún ìjọ ní lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà. Ìjọ tó bá mọ̀ pé ìjọba ń bọ̀ á tètè wá ẹni tó máa fi igi tì í.

Ìyá_Ẹ̀bútẹ́Ẹ̀rọ
Ọmọ mi, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Èmi ní kí ẹ ta kọ́tìnnì. Ẹ̀rù tí kò sí nídìí rẹ̀ náà ń rẹni. Kí ọkọ yín sì yé rẹ́rìn-ín, orí tirẹ̀ náà ń fọ́, kò kàn sọ ni. Ẹ bi í.

AyálégbéCampos
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, Ọlọ́run á dá yín lóhùn náà.

Mo bi í. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní òun rò pé wàhálà ibi iṣẹ́ ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sókè fún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ẹlẹ́ja. Wọ́n kọ́kọ́ ní ṣé àwa la máa bá àwọn ra ẹja tó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tiwọn náà ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tó kan ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ti wà ní iwájú títì báyìí, inú àgò irin. Orí tó ń fọ́ wa ti lọ. Ọmọ ti padà sí kọ́rídọ̀.

Ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ìdí tí ilé náà fi ṣófo fún mi, lẹ́yìn tí mo ra àkàrà tí a ò lè jẹ tán. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, n kò ní gbé e síbí. Wọ́dìn ka lẹ́tà wa, wọ́n wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ọkùnrin méjì. A ò wọlé, ìta la dúró sí. Àdán pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọ̀kan nínú wọn sá jáde. Fèrèsé onígi náà já lóòótọ́, wọ́n ti fi wáyà so ó. Ṣùgbọ́n sísán tó wà lábẹ́ fèrèsé òkè yẹn gba ìka mi méjì. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ọwọ́ mi lè dé. LASBCA ti gba lẹ́tà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Wọ́dìn ní àwọn á fi igi tì í kí òjò tó le.

Mo ta kọ́tìnnì, Ìyá. N kò sì tíì máa wo òkè ọ̀hún lálẹ́, kí n má purọ́.

Ìbéèrè kan ló kù: ìgbẹ́ àdán ti kún orí bákónì wa láti ara òrùlé wọn. Ṣé kí n kàn gbá a ni?

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹ má gbá a ní gbígbẹ! Eruku rẹ̀ lè kó àrùn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi tí ẹ po ọṣẹ mọ́ rin ín dáadáa, kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọ̀rá. Kí ọmọ má sí nítòsí. Tí wọ́n bá fẹ́ dí ihò òrùlé, kí wọ́n dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn àdán bá ti jáde lọ jẹun, kí wọ́n sì kọ́kọ́ wò ó pé kò sí ọmọ wọn nínú. Tí wọ́n bá dí i mọ́ wọn, inú rẹ̀ ni wọ́n á kú sí, òórùn tí ẹ ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ á wá dà bí lọ́fínńdà.